Bíléńdà tòkunbọ̀ tí mo tà jóná lọ́wọ́ oníbàárà. Báwo ni mo ṣe máa bá òwò àlòkù yìí lọ?

AlátajàSábó · Ọjọ́ Ajé, aago 6:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń ta ohun èlò ìdáná tòkunbọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook. Ìkòròdú níbí ni mo wà, lápá Sábó. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn tẹ́lẹ̀ ni mo kó ẹrù sí. Mo máa ń ra ọjà ní Aláàbà, mo máa ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kúrò nílé, bí ilé iṣẹ́ kan bá sì ń ṣe gbànjo, mo máa ń lọ. Bíléńdà, áyọ́ọ̀nù, kẹ́túlù iná, ìkòkò ìrẹsì, fáànù onídìíde, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo ta bíléńdà kan fún ìyá kan ní Ìgbógbò. Ó wúwo dáadáa, gíláàsì ni jọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ń dán bíi pé wọn ò tíì lò ó rí. ₦9,000 ni mo rà á, mo tà á ní ₦16,500. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá náà fi fídíò ránṣẹ́. Ó ń lọ ata. Ohùn ẹ̀rọ náà ṣáà ń ròkè, kò dẹwọ́, ó di igbe, bẹ́ẹ̀ ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá náà fà á yọ lára iná, ìdérí ṣí, ata ta dé ara ògiri. Ọmọ kékeré kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní kí n dá owó òun padà. Mo fèsì pé mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: ọjà àlòkù, kò sí ìdápadà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé fọ́tò mi àti orúkọ mi sí gúrúùpù àdúgbò pé oníjìbìtì ni mí. Láti ìgbà yẹn ọjà ti dá. Títí di òní, ẹyọ ìkòkò kan kò kúrò nílẹ̀. Mi ò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì o. Mo tan iná sí i wò kí n tó gbé e fún oníbáìkì, ó sì ṣiṣẹ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fi òwò yìí sílẹ̀ ni?

---

Oníṣẹ́Iná_Ẹbútẹ́ · aago 7:20 àárọ̀

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrójú. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi dán an wò? Ṣé àkọlé ìdí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

---

AlátajàSábó · aago 7:41 àárọ̀

Bùrọ̀dá, kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Mo ya àwòrán ìdí rẹ̀ kí n tó tà á, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó báyìí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 120V, 60Hz, 450W. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo rà á.

---

Oníṣẹ́Iná_Ẹbútẹ́ · aago 8:15 àárọ̀

Ohun tó pa á nìyẹn. Mo máa ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ó kan gbogbo ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ níbí.

V ni fóòtì, agbára tí iná fi ń wọ ẹ̀rọ; Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; W ni bí iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Iná tiwa ní Nàìjíríà, 230V ni, 50Hz. Ti ìlú ọba náà bákan náà ni, ìdí nìyẹn tí ẹrù Lọ́ńdọ̀nù fi ń bá iná wa mu, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ń wọ sókẹ́ẹ̀tì wa wẹ́rẹ́. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz. Ti Japan kéré ju ìyẹn lọ, 100V ni. Bíléńdà yín, ilé ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wá bù oúnjẹ ẹni méjì fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà bàbà tó wà nínú mọ́tò gbóná, fáníìṣì tó bo wáyà náà yọ́, wáyà kan wáyà, ó tán. Láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi dán an wò láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀, kò tíì gbóná débẹ̀. Ata tó wúwo ló jẹ́ kó yára.

Inú yín ì bá dùn pé bíléńdà ni, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Ohun tó bá ń fi iná gbóná, tiẹ̀ tún burú jù. Tí fóòtì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Áyọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà tó jẹ́ 1200W, bí ẹ bá tan iná wa sí i, á fẹ́ fa ohun tó ju 4000W lọ. Bí wáyà inú rẹ̀ kò bá tètè já, ilé lè jó.

Nítorí náà ẹ má gbójú lé púlọ́ọ̀gì. Àwọn kan lọ́jà máa ń gé púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ kúrò, wọ́n á fi tiwa rọ́pò rẹ̀ kí ọjà lè yá. Àkọlé ìdí ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ máa kà. Bó bá kọ 220–240V, ẹ tà á. Bó bá kọ 100–240V, 50/60Hz, bí ẹ ṣe máa rí i lára ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù, ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ 100V, 110V tàbí 120V nìkan, kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín láìsí step-down, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì iná wa kù kó tó dé ara rẹ̀. Ẹ má sì ra step-down tí agbára rẹ̀ bá ti ẹ̀rọ dọ́gba o. Bíléńdà 450W, ẹ wá 1000W fún un, torí mọ́tò máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń gbéra.

Ohun kan tún kù. Step-down ń dín fóòtì kù ni, kì í yí 60Hz padà sí 50Hz. Ìdí nìyẹn tí máíkíróweefù Amẹ́ríkà fi máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ níbí. Aago ara ẹ̀rọ tó bá sì ń ka àkókò láti ara iná á máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Èmi ò kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra máíkíróweefù Amẹ́ríkà.

---

Ọ̀gá_Ògólóńtò · aago 9:02 àárọ̀

Àlàyé yìí dáa, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹ̀bi tí arábìnrin yìí ní. Àlòkù ni àlòkù ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun, kó lọ ra tuntun. Ó ti kọ ọ́ pé kò sí ìdápadà, ìyá náà kà á, ó sì sanwó. Bí ẹ bá ń dá owó padà fún gbogbo ẹni tó bá pariwo, òwò ò ní pẹ́ kú. Mo tún fẹ́ sọ ọ́ kí àwọn tó ń bọ̀ wá gbà yín nímọ̀ràn má bàa ṣì yín lọ́nà: ẹ má ṣe máa tọ́ka sí àbùkù ọjà yín. Ẹlẹ́kọ wo lẹ rí tó ń polówó pé ẹ̀kọ òun kan?

---

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀tà · aago 9:30 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n Ògólóńtò. Èmi kì í tà, rírà ni mò ń rà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹnu wa. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ kíkan á padà wá bá ẹlẹ́kọ náà lọ́jà lọ́la, ojú kojú. Lórí fóònù, mi ò mọ ilé yín, mi ò fọwọ́ kan ọjà yín, owó mi ti wọ àkáǹtì yín kí ọjà tó gbéra. Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn "kò sí ìdápadà" yẹn, etí ẹni tó ń rà ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ. Bí mo bá ti rí i, ohun tó ń sọ fún mi ni pé ẹni yìí mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀.

---

Àdùkẹ́Òkìrìkà_Ẹpẹ́ · aago 11:17 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹpẹ́ lèmi wà, òkìrìkà ni mò ń tà lórí Facebook, Kàtàńgùwà ni mo ti ń já bélì. Ọ̀rọ̀ àbùkù tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, ní ọdún àkọ́kọ́. Mo máa ń ká aṣọ kí ibi tó ya má hàn. Ó ń tà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú aṣọ mẹ́wàá, méjì tàbí mẹ́ta á padà, màá san owó báìkì lọ, màá tún san owó báìkì bọ̀, ẹni tó dá a padà kò sì ní rajà lọ́wọ́ mi mọ́ láyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe báyìí. Bí aṣọ bá ní ihò, mo máa tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Mi ò kì í lo iná fóònù, ó máa ń pa àwọ̀ aṣọ dà. Màá wá gbé igi ìṣáná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Fọ́tò yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbé síta, kí n tó gbé èyí tí aṣọ ti gún régé. Ẹ̀yin èèyàn mi, igi ìṣáná yẹn ń tajà! Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò á ní, "Ìyẹn náà ni? Màá rán an," á sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ á kọjá lọ, a ò ní fa ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n aṣọ náà bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò kì í kọ 12 kí n dákẹ́, torí 12 ti ìlú ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 8 ti Amẹ́ríkà, oníbàárà ò sì mọ èwo lo ń wí. Téèpù ni mo fi ń wọ̀n ọ́, láti abíyá dé abíyá àti láti èjìká dé ìsàlẹ̀, màá kọ ọ́ ní ínṣì. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni mi ò kì í tà rárá, kódà bó bá ṣì ní páálí lára.

---

Ọ̀gá_Ògólóńtò · aago 11:40 àárọ̀

Aṣọ yàtọ̀ sí iná, àǹtí. Ihò ara aṣọ, ojú ń rí i. Ta ló lè rí inú mọ́tò?

---

Oníṣẹ́Iná_Ẹbútẹ́ · aago 12:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ojú ò rí yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn fi fídíò hàn. Ya àkọlé ìdí rẹ̀ kí nọ́ńbà hàn kedere. Bu omi sínú bíléńdà, tan iná sí i, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó sinmi, kó tún ṣiṣẹ́. Má dá fídíò dúró. Bó bá gbóná lódì tàbí tó ń rùn, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ́kọ́ mọ̀. Fún fáànù, jẹ́ kó yí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó o wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀.

Fíríìjì ní tiẹ̀, bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbé e wá nínú ọkọ̀, ẹ gbé e dìde kó dúró fún wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ tó tan iná sí i. Òróró tó wà nínú kọ̀mpùrẹ́sọ̀ á ti ṣàn lọ síbi tí kò yẹ, ó gbọ́dọ̀ padà sáyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíríìjì tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé "ó kú lọ́jọ́ tí mo rà á", ìkánjú ló pa á.

---

BàbáOnírin · aago 2:26 ọ̀sán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ṣòwò irin àti ẹrù kọ́ńdẹ́m ní Owódé Onírin fún ọdún púpọ̀ kí n tó kó wá sí Ìkòròdú. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ibi tí ọjà yín ti ń wá. Aṣọ òkìrìkà, fíríìjì àlòkù, kọ̀mpùrẹ́sọ̀ àlòkù, ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù àti táyà àlòkù, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé àwọn ọjà tí ìjọba àpapọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ wọlé láti òkè òkun. Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n kún ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé e lórí, lọ́jọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà á lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, owó ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àlòkù ilé: ẹrù ẹni tó ń kó lọ sílùú mìíràn, gbànjo ilé iṣẹ́, ti òtẹ́ẹ̀lì tó ń pààrọ̀ ẹrù. O rí ẹni tó lò ó, o lè bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Ìkejì, ẹ máa gba rìsíìtì tàbí kẹ́ ẹ kọ ìwé, kí ẹni tó tà á fún yín buwọ́ lù ú, pàápàá fóònù àti láptọ́ọ̀pù. Tẹ *#06# lórí fóònù, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á yọ, wò ó bóyá ó bá ti ara páálí mu. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè ṣí i, tí kò lè yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lójú rẹ, jọ̀wọ́, fi sílẹ̀. Owó pọ́ọ́kú yẹn lè gbé ọ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìkẹta ni èyí tó ń dùn mí jù. Ohun tó bá ti kú pátápátá, ẹ má gbé e fún àwọn ọmọ tó ń dáná sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀. Mo ti rí èéfín yẹn, mo ti fi imú fà á, mo mọ ohun tó ṣe fún àyà mi. Ọ̀bẹ ni kí wọ́n fi bó o. Bíléńdà tó jóná yẹn, ọmọ mi, jọ́ọ̀gì rẹ̀ ńkọ́? Abẹ rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan wà tí jọ́ọ̀gì tirẹ̀ fọ́, tí mọ́tò rẹ̀ ṣì dáa. Ẹ̀yà ara lówó nínú ju odindi lọ nígbà míì.

---

AlátajàSábó · Ọjọ́rú, aago 9:55 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ará. Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ máa pẹ́ fún wa. Mo fẹ́ jábọ̀.

Lánàá mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbógbò. Mo ti ń rò ó lójú ọ̀nà bóyá kí n pẹ̀yìn dà. Mo mú ₦16,500 dání, mo fi owó báìkì tó san lé e. Ó ṣílẹ̀kùn, kò dá mi mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ torí mo wé gèlè nínú fọ́tò tó ní. Nígbà tó mọ̀ mí, kò pariwo bí mo ṣe rò. Ó kàn yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n lè wọlé.

Àbàwọ́n ata yẹn ṣì wà lára ògiri, ó ti di pupa rúsúrúsú, wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Bíléńdà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, bí mo ṣe gbé bíléńdà náà sókè báyìí, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní, "Ẹ wò ó, kì í ṣe owó ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní nǹkan fẹ́ẹ́ pa ọmọ mi, ẹ ní kò sí ìdápadà." Mi ò lè dáhùn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gba owó, ó kà á, ó dá owó báìkì padà fún mi. Kò tíì yọ fọ́tò mi kúrò ní gúrúùpù o, àmọ́ ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo wá, mo sì dá owó náà padà. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo da gbogbo ẹrù síta. Ẹ̀rọ mẹ́tàlélógún. Mo dojú wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi tọ́ọ̀ṣì ka ìdí wọn. Méje jẹ́ 120V! Áyọ́ọ̀nù méjì wà nínú wọn tí mo ti polówó. Ara mi bù máṣọ. Mo ti lẹ téèpù pupa mọ́ gbogbo wọn, wọn ò ní kúrò níbí láìsí step-down. Mẹ́ta tí àkọlé wọn ti pa, tí mi ò rí nǹkan kan kà, màá gbé wọn wá bá Bùrọ̀dá Ẹbútẹ́ bó bá gbà mí láyè.

Jọ́ọ̀gì àti abẹ ti lọ ní ₦4,000 lóòótọ́, Bàbá. Ẹnì kan láti Ágíríìkì ló rà á. Àdánù tó kù sí mi lọ́rùn, ₦5,000 àti owó kẹ̀kẹ́ ni. Nígbà tí mò ń bá ìyá yẹn fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo rò pé ₦16,500 ni mò ń dáàbò bò.

---

Oníṣẹ́Iná_Ẹbútẹ́ · aago 10:08 alẹ́

Ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò ní gbowó, ẹ kàn máa sọ fún àwọn oníbàárà yín ibi tí mo wà.

---

Ọ̀gá_Ògólóńtò · aago 10:31 alẹ́

Arábìnrin, ẹ ṣe ohun tó dáa. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré yẹn mú mi lọ́kàn. Síbẹ̀ mo ṣì ní ìbéèrè kan: bí oníbàárà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣé ẹ máa dá owó padà náà ni?

---

Àdùkẹ́Òkìrìkà_Ẹpẹ́ · aago 10:44 alẹ́

Ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n. Èmi máa ń kọ ọ́ pé bí aṣọ bá yàtọ̀ sí ohun tí mo fi hàn, kí wọ́n sọ fún mi láàárín ọjọ́ méjì tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀rọ lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Fídíò yín ni ẹ̀rí, ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ júwe oníṣẹ́ iná fún un.

---

AlátajàSábó · Ọjọ́ Ẹtì, aago 7:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ìpolówó àkọ́kọ́ tí mo gbé síta láàárọ̀ yìí nìyí, ẹ bá mi wò ó bóyá ó yé èèyàn:

"Ìkòkò ìrẹsì tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, 220–240V, àkọlé rẹ̀ wà nínú fọ́tò kìíní. Ó ń ṣiṣẹ́: ife ìrẹsì méjì ni mo sè nínú fídíò, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi jinná. Àbùkù: ìdérí gíláàsì sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo igi ìṣáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná kékeré tó yẹ kó máa tàn nígbà tó bá ń móúnjẹ gbóná kò tàn mọ́. ₦11,000. Bó bá yàtọ̀ sí èyí nígbà tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ méje, owó yín á padà. Sábó, Ìkòròdú. Ẹ lè wá wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó."

---

ÌyáÌbejì_Ìmọ̀tà · aago 7:22 àárọ̀

Ìdérí ìkòkò mi àtijọ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi mú un pamọ́, mò ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́.